Ìjẹ́rìísí aṣọ ìdíje

Ìjẹ́rìísí aṣọ ìdíje ni ọ̀nà tí a fi ń wádìí bóyá aṣọ tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí èyí tí eléré-ìdárayá wọ̀ lórí pápá jẹ́ ojúlówó. Ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó, nítorí pé ẹni tó ń ta aṣọ náà lè jẹ́ ẹni tó kọ ìwé ọ̀hún. Bákan náà, agbábọ́ọ̀lù kan lè ní ju ẹ̀wù kan lọ fún ìdíje kan ṣoṣo.

Ọ̀nà ìwádìí

Ọ̀nà tó ṣeé gbára lé jù ni fífi aṣọ wé àwòrán tí wọ́n yà nígbà ìdíje. A ó wo ojú ìrán, àmì ẹgbẹ́, àti bí nọ́ńbà ṣe lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Àríyànjiyàn

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1986, Steve Hodge ti England gba ẹ̀wù Diego Maradona lẹ́yìn ìdíje Argentina àti England ní Mexico City. Nígbà tí Sotheby's fẹ́ tà á ní ọdún 2022, ọmọbìnrin Maradona sọ pé ẹ̀wù abala àkọ́kọ́ ni, kì í ṣe èyí tí bàbá rẹ̀ wọ̀ nígbà tó fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Sotheby's fèsì pé àwọn ti fi í wé àwòrán. Wọ́n sì tà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.1 pọ́n-ùn.

Ní Èkó

Ní ọdún 2018, wọ́n ta ayédèrú ẹ̀wù Super Eagles tí Nike ṣe fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní àwọn ọjà Èkó. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó ń ra aṣọ ìdíje ní Lekki tàbí Ajah béèrè ọjọ́ ìdíje àti àwòrán rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò gba ọlọ́jà láàyè láti ṣi oníbàárà lọ́nà.