Bí àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn to mọ́tò ṣe lo àsìkò kónílé-ó-gbélé

Nígbà tí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2020, lù, gbogbo mọ́tò tó wà nílùú Èkó àti ní Àbújá ni wọ́n pa tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àyàfi ti àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ṣeé dá dúró. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló pàṣẹ náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, nítorí àrùn Kòrónà tí àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, lára ọmọ orílẹ̀-èdè Ítálì kan tó wọ Èkó. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Nígbà tó di ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, wọ́n tún fi ọjọ́ mẹ́rìnlá mìíràn lé e, ó sì di ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà díẹ̀díẹ̀.

Ní Ifákọ̀, Kétu, Ìkòsí àti Mile 12, tí gbogbo wọn wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì. Àwọn tó ń ta oúnjẹ ṣì ń rí ọ̀nà tà díẹ̀, nítorí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò fi òfin náà de oúnjẹ àti oògùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 26, oṣù kẹta, ni ìjọba ti ní kí àwọn ọjà tí kì í ṣe ti oúnjẹ àti oògùn ti ìlẹ̀kùn wọn. Ìyẹn ló kan Owódé Onírin, lójú ọ̀nà Ìkòròdú téèyàn bá ti kọjá Mile 12, níbi tí irin àlòkù àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ńlá ti máa ń pọ̀ bíi yanrìn. Ó kan Ládípọ̀ ní Múṣin bákan náà. Mẹkáníìkì, páńẹ̀lì-bítà, ríwáyà àti wẹ́dà tí wọ́n ń jẹun láti ojúmọ́ dé ojúmọ́ di ẹni tó ń wo ojú ọ̀run.

Nínú àwọn tí ìséde náà ká mọ́lé ni àwọn kan wà tí ìfẹ́ mọ́tò ti wọ̀ lára ju ti gígùn lásán lọ. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ra egungun ọkọ̀ àtijọ́, tí wọ́n ń wá ẹ́ńjìnnì síbòmíràn, tí wọ́n ń fi fáíbà tàbí páànù mọ ara tuntun lé e, títí yóò fi di ọkọ̀ tí irú rẹ̀ kò sí ní àdúgbò. Kit car ni àwọn Òyìnbó ń pe irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ tà ní wẹ́wẹ́, tí ẹni tó rà á sì lọ tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀ nílé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà náà ti gbilẹ̀ jù. Ní ọdún 1957, ọ̀gbẹ́ni Colin Chapman, tó dá ilé-iṣẹ́ Lotus sílẹ̀, gbé ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Lotus Seven jáde. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí mọ́tò tuntun nígbà náà wúwo, ṣùgbọ́n òfin kò gba owó náà lórí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọn kò ì tí ì tò. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ra ti wẹ́wẹ́. Àwọn tó mọ ìtàn náà a máa sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín pé nítorí òfin kò gbà kí ilé-iṣẹ́ fi ìwé ìtọ́sọ́nà títo ọkọ̀ náà ránṣẹ́, ńṣe ni Lotus kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń tú u, kí oníbàárà wá kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ọdún 1973 ni owó orí tuntun tí wọ́n ń pè ní VAT fi òpin sí àǹfààní náà, ọdún yẹn kan náà sì ni ilé-iṣẹ́ Caterham gba ọkọ̀ Seven lọ́wọ́ Lotus. Títí di òní ni Caterham ṣì ń tà á, ní títò àti ní wẹ́wẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni Bruce Meyers ló ṣe tirẹ̀ ní Kalifóníà ní ọdún 1964. Ẹni tó ti ń fi fáíbà ṣe ọkọ̀ ojú omi ni, ọgbọ́n yẹn ló sì mú wọ orí ilẹ̀. Ó mọ ara ọkọ̀ tó fúyẹ́, tí a lè fi sáré lórí iyanrìn etí òkun, ó sì gbé e lé orí ṣáásì àti ẹ́ńjìnnì Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Meyers Manx ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó jí iṣẹ́ náà dà kọ pọ̀ ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe lọ fíìfíì. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

Kí ló wá dé tó jẹ́ Ìjàpá ni gbogbo wọn ń wá? Ara ọkọ̀ náà àti ilẹ̀ rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ra bíi ti mọ́tò ìgbàlódé. Bóòtù ló so wọ́n pọ̀, tí èèyàn bá sì tú wọn tán, ara yóò gbéra kúrò lórí ṣáásì, ṣáásì náà yóò sì ṣì lè máa yí lórí táyà rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀, kò sì mu omi. Bóòtù mẹ́rin péré ló dè é mọ́ gíàbọ́ọ̀sì. Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Bádágírì, ní ọdún kan náà tí ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Lára ọkọ̀ tí wọ́n tún tò ní Ọ̀jọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Igala, tí àwọn ará Brazil mọ̀ sí Brasilia. Ká sòótọ́, ilé-iṣẹ́ méjèèjì yìí náà, ọkọ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tò: inú àpótí ni ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ń wá láti òkè òkun. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló ń tò ó, kì í ṣe bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ nínú ọgbà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn baba wa ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú kí Ọ̀jọ́ tó dáyé. Kí ni bọ̀lẹ̀kájà bí kò ṣe ṣáásì àti ẹ́ńjìnnì Bedford tó ti ìlú Òyìnbó dé, tí àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa sì fi pákó kan ilé lé lórí? Kí sì ni mólúè bí kò ṣe Mercedes 911, tó yẹ kó máa ru ẹrù, tí àwọn páńẹ̀lì-bítà jó páànù lé, tí wọ́n to àga sí, tí wọ́n sì kùn ní ọ̀dà ofeefee? Odindi ìran kan ló wọ mọ́tò wọ̀nyí lọ síbi iṣẹ́ àti ilé-ìwé. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS ní ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 2008, ni mólúè bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lójú títì. A lè bú wọn pé wọ́n há, pé èéfín wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú kíkọ́ wọn kò kéré, àwọn àgbà tó ní ọgbọ́n náà sì ń dínkù.

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1997, Dókítà Ezekiel Izuogu fi ọkọ̀ Z-600 han aráyé ní ìpínlẹ̀ Imo, Ọ̀gágun Ọládípọ̀ Diya, igbákejì olórí ìjọba nígbà náà, sì wà níbẹ̀. Owó tí ìjọba ṣèlérí kò jáde. Ní ọdún 2006, àwọn adigunjalè wọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ohun tó fi ń mọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà lọ. Ní ọdún 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, sọ Ìjàpá di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́: ó gbé páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé rẹ̀, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí síwájú. Ọdún kan gbáko ló fi ṣe é, nǹkan tí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là ló sì ná. Ìlú Jọ́ọ̀sì ni Jerry Mallo ti ṣe tirẹ̀, ọkọ̀ ìsáré tó pè ní Bennie Purrie. Nígbà tí Kòrónà dé ní ọdún 2020, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kan náà kọjú sí ṣíṣe ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí.

Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olólùfẹ́ mọ́tò, kò sí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kò ju fóònù, dátà díẹ̀ àti ọkọ̀ tí kò tíì parí lọ. Orí WhatsApp ni ìjíròrò wà. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kọ́ yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò fi ránṣẹ́, àwọn tó gbọ́ yóò sì máa jiyàn bóyá fáàfù ni tàbí púlọ́ọ̀gì. Ẹnìkan yóò ya àwòrán ojú ìjórin, àwọn yòókù yóò ní kó fi òòlù lù ú wò. Láàrin rẹ̀ ni àwàdà, àdúrà, ìròyìn iye ẹni tó ti kó àrùn, àti ìbéèrè bóyá oúnjẹ tí ìjọba ní òun ń pín ti dé àdúgbò ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí ìbẹ̀rù ọlọ́ṣà gba ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó kan, tí àwọn ọkùnrin ń dáná sójú títì láti ṣọ́ òru, bí ọ̀rọ̀ bátìrì ṣe ń lọ ni ọ̀rọ̀ ọlọ́ṣà náà ń lọ.

Ìmọ̀ràn tó wúlò jù ni èyí tó kan ọkọ̀ tó dúró sójú kan. Bátìrì tó wà lẹ́nu ọkọ̀ tí kò rìn yóò máa kú díẹ̀díẹ̀. Kí èèyàn tú orí nẹ́gétíìfù rẹ̀ ló dára. Ti Ìjàpá wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí omi ásíìdì yóò fi jẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Èèyàn kò gbọ́dọ̀ fa háńdì-bíréèkì sílẹ̀ fún oṣù kan, nítorí ó lè lẹ̀; òkúta ni kó fi há táyà. Bẹntiróòlù tó bá pẹ́ nínú kabúrétọ̀ yóò dì bíi gọ́ọ̀mù. Títan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú méjì kò wúlò fún nǹkan kan, ó ń jẹ bátìrì ju bó ṣe ń fún un lọ. Ẹni tó bá sì tàn án nínú gáréèjì tó tì pa ń wá ikú, nítorí èéfín rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀ tó ti pa odindi ìdílé rí.

Fáíbà lo le jù. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni òjò ń múra sí ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ọ̀tá ni ọ̀rinrin jẹ́ fún résíìnì. Òróró tó ń mú un le, díẹ̀ ni wọ́n ń bù sí i, bíi gíráàmù kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù résíìnì. Bó bá pọ̀ jù, ike tí wọ́n fi ń pò ó yóò gbóná, ó sì lè gbiná. Òórùn rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ìbòmú aláṣọ tí gbogbo ayé ń lò nígbà Kòrónà kò sì lè dí i.

Níbi bíréèkì ni ìmọ̀ràn orí fóònù ti ń parí. Wọ́n lè sọ fún èèyàn pé táyà tó jìnnà jù sí ibi tí òróró bíréèkì wà ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹnìkan máa tẹ pẹ́dà nígbà tí ẹnìkejì ń tú bóòtù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí àwòrán tó lè sọ bóyá ìjórin kan wọlé tàbí ojú lásán ló dì. Ẹni tó tọ́ sí láti fọwọ́ kàn án ni wẹ́dà tó wà nílé láìrówó, tí wọ́n sì ń bi ní ìbéèrè ọ̀fẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ìwà tí ò tọ́ ni kí wọ́n gba ọgbọ́n lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má tilẹ̀ ra káàdì fún un, ìgbà tí kò sí ẹlòmíràn tó ń wá a.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìséde ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23, oṣù kẹta, ìṣòro tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ní gáréèjì, wọ́n ní iná, ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì lè dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ohun tó dá wọn dúró ni pé ìjọba dá àyẹ̀wò tí ọkọ̀ tuntun tí èèyàn tò fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ yege dúró, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ parí kò sì lè jáde. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, tí àsìkò àyẹ̀wò ọdọọdún rẹ̀ pé láti ọjọ́ 30, oṣù kẹta, wọ́n fi oṣù mẹ́fà kún un fún wọn.

Nàìjíríà kò ní irú àyẹ̀wò àkànṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tí ẹnìkan tò nínú ọgbà rẹ̀. Nọ́ńbà ṣáásì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni ìwé ọkọ̀ dá lé, ìdí mìíràn sì nìyẹn tí wọ́n fi ń wá Ìjàpá tí ìwé rẹ̀ pé. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí àwọ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ yí i padà nínú ìwé, kí ó tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní Èkó. Ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 2020, ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn padà, àwọn tó ti rí ṣáásì tí wọ́n ń wá ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta láti oṣù kẹrin sì wá láǹfààní láti lọ gbé e.