Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọdé Ní Ìṣirò? Ìtàn Ìkọ́ṣẹ́ Olùkọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Títí Dé Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àti kékeré ni Ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Bóyá ni ẹ̀kọ́ kan wà tí òwe yìí bá mu tó ìmọ̀ ìṣirò. Ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn Mungo Park ní kíláàsì kẹrin lè gbọ́ ọ ní kíláàsì kẹfà, kò sì sí ohun tí yóò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyọkúrò kò yé, ìpín kò lè yé e. Ẹni tí ìpín kò bá sì yé, àdììtú ni ìdá yóò jẹ́ fún un. Orí ara wọn ni à ń to ẹ̀kọ́ ìṣirò sí, bí ẹni ń mọ ògiri amọ̀. Bí ìpele ìsàlẹ̀ bá wọ́, ti òkè kò lè gún.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì máa bi ara wọn ni èyí: láti ìgbà tí ilé-ìwé ti dé ilẹ̀ Yorùbá, irú ẹni wo ni a ń fi sí ìdí ìpele àkọ́kọ́ yẹn? Báwo ni a sì ṣe ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ kí a tó fi síbẹ̀?

Kí Ìwé Tó Dé

Àṣìrò ni pé òyìnbó ni ó kó ìṣirò wọ ilẹ̀ Èkìtì. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé síléètì dé Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré, àwọn ìyá wa ti ń ka ọjọ́ ọjà ní ọrọọrún. Wọ́n ń sín owó ẹyọ ní ogójì sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, ìlọ́po mẹ́wàá ẹgbàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Lábẹ́ igi, àwọn ọkùnrin ń ta ayò, ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Ẹni tí kò bá lè mọ iye ọmọ tó wà nínú ihò kí ó tó gbé e, tí kò sì lè ro ibi tí yóò parí sí, kò lè di ọ̀ta láéláé.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kún fún ìṣirò. Ẹni tí ó pe 45 ní àrùndínláàádọ́ta ti yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Àádọ́ta náà kì í ṣe ìpìlẹ̀, ẹ̀wá tí a yọ kúrò nínú ọgọ́ta ni. Ọgọ́ta sì ni ogún lọ́nà mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ń kà á bẹ́ẹ̀ nílé ń fi ẹnu ṣe ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é. Olùkọ́ tí ó mọ èyí ti rí ìṣúra he. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé òfìfo ni orí ọmọ náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ọ̀pọ̀ Ọmọ, Ìwọ̀nba Olùkọ́

Àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ni ó kọ́kọ́ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni sílẹ̀. Ti St. Andrew's, tí ìjọ CMS fi Ọ̀yọ́ ṣe ibùjókòó rẹ̀ ní 1896, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Níbẹ̀ ni Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn ọdún 1920. Ní Adó-Èkìtì, Christ's School bẹ̀rẹ̀ ní 1933 lábẹ́ Henry Dallimore. Olùkọ́ ìgbà náà kì í ṣe ti ìṣirò nìkan. Òun ni ó ń ka Bíbélì fún ìjọ, òun ni ó ń darí orin, òun náà ni ó ń kó àwọn ọmọ lọ sí oko ilé-ìwé. Ìṣirò jẹ́ ọ̀kan lára ẹrù púpọ̀ tí ó rù.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé, tí ó jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954, fò sókè ju 811,000 lọ láàárín ọdún kan. Ìjọba lè kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láàárín oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi oṣù díẹ̀ mọ olùkọ́. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé kẹfà tàbí ilé-ìwé módà ni a kó dúró níwájú ọmọ. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíréèdì Kẹta, tí ń kọ́ni fún ọdún méjì, pọ̀ sí i, kí àwọn tí ó jáde níbẹ̀ lè wá tẹ̀síwájú sí Gíréèdì Kejì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Olóyè S. A. Banjo yẹ ètò náà wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àìtó olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ wà lára olórí ohun tí wọ́n rí pé ó ń fa ẹ̀kọ́ sẹ́yìn.

Kí a má baà ṣe àbòsí, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ni ó sọ ọmọ àgbẹ̀ di dókítà àti ẹnjiníà. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé nínú ìkánjú náà, kò sí ẹni tí ó yà olùkọ́ ìṣirò sọ́tọ̀ fún ọmọ kékeré. Olùkọ́ kan, kíláàsì kan, gbogbo ẹ̀kọ́: ìlànà tí ó gbilẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ìṣirò ń bà lẹ́rù láti kékeré ni ó tún di ẹni tí ń kọ́ ọmọ mìíràn ní ìṣirò. Ìbẹ̀rù a sì máa ràn.

Ìṣirò Ìgbàlódé

Bí olùkọ́ ṣe ń gbìyànjú láti mọ ti àtijọ́, ni tuntun dé. Lẹ́yìn tí àwọn ará Rọ́ṣíà ju Sputnik sí òfuurufú ní 1957, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀kọ́ ìṣirò wọn ṣe. Ìjì náà fẹ́ dé Áfíríkà. Ní 1962 àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè àti láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà bíi mélòó kan péjọ sí Entebbe ní Ùgáńdà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé tuntun. Lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ náà ni Grace Alele-Williams, ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Chicago ní 1963, tí ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà nígbà tí ó gorí oyè ní Benin ní 1985.

Ẹ̀kọ́ tuntun náà fẹ́ kí ọmọ mọ ìdí ohun tí ó ń ṣe, kì í ṣe kí ó kàn há a sórí. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ Gíréèdì Kejì tí a kò kọ́ ní sẹ́ẹ̀tì rí ni a ní kí ó máa fi kọ́ ọmọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973 ẹ̀wẹ̀, náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ pé kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè sì ni pọ́n-ùn kan, wá ní láti máa fi ọgọ́rùn-ún ṣírò. Àwọn òbí ń ráhùn pé ọmọ ń sọ̀rọ̀ nípa sẹ́ẹ̀tì, kò sì lè ṣírò owó ọjà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, níbi ìpàdé kan ní Benin, ìjọba àpapọ̀ fi òpin sí ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣirò ìgbàlódé ní ilé-ìwé. Ìwé ni wọ́n dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé tí ó lè kọ́ni fúnra rẹ̀.

Ohun Tí A Rí Ní Ifẹ̀

Ọ̀nà mìíràn ń là ní Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ohun gbogbo, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn tí ó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èdè abínibí kò fa wọ́n sẹ́yìn rárá. Wọ́n tilẹ̀ tayọ. Láti ṣe èyí, wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, kí wọ́n sì tún àwọn olùkọ́ kọ́.

Ní yunifásítì yìí kan náà ni Helen Verran, ará Ọsirélíà, ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní àwọn ọdún 1980. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2001, ó ròyìn ọ̀kan lára wọn tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní gígùn. A ti fi hàn án pé kí ó fa okùn gbọọrọ, kí ó sì wọ̀n ọ́n. Ọ̀gbẹ́ni náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fún àwọn ọmọ ní páálí kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Wọ́n fi okùn wọn ara wọn láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, wọ́n ká okùn náà mọ́ páálí, wọ́n ka ẹ̀wá-ẹ̀wá tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì ro ìyókù mọ́ ọn. Ó yé àwọn ọmọ yékéyéké. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: bí Yorùbá ṣe ń kàwé owó ẹyọ náà ni, ní ìdì-ìdì kí a tó wá wo ẹyọ. Olùkọ́ náà mọ ìṣirò, ó sì mọ ọmọ. Nígbà tí méjèèjì pàdé lọ́wọ́ ẹnì kan, ìyẹn ni à ń pè ní olùkọ́ ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ọdún 1977 tí wọ́n pa ìṣirò ìgbàlódé tì ní Benin náà ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, àìtó olùkọ́ sì ti tún dé. Ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò fún ìwé-ẹ̀rí NCE: ẹ̀kọ́ méjì tí ó yàn, ìmọ̀ ìkọ́ni, àti ìgbà ìdánrawò tí ó ń lọ dúró níwájú àwọn ọmọ gidi.

Ọ̀nà ti ṣí fún ẹni tí ó fẹ́ ìṣirò. Ṣùgbọ́n níbo ni ọ̀nà náà já sí? Ilé-ìwé girama ni. Láti 1979, ìjọba Ajásin, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé-ìwé sì pọ̀ bí ewé. Ní 1982 ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, girama kékeré sì ń wá àwọn olùkọ́ NCE lójú méjèèjì. Ẹni tí ó gbọ́ ìṣirò dáadáa gòkè lọ síbẹ̀. Ọmọ kékeré ṣẹ́kù sọ́wọ́ ẹni tí kò yan ìṣirò.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá àjọ NCCE sílẹ̀ ní 1989 láti máa bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, NCE rọ́pò Gíréèdì Kejì. 1998 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke. Ní 2012, àjọ náà pín NCE sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì dá dúró. Ìlọsíwájú ni. Síbẹ̀, gbogbo ẹ̀kọ́ ni ẹni tí ó gba ọ̀nà náà ń kọ́, ìṣirò sì jẹ́ ìpín díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó jinlẹ̀ nínú ìṣirò kò gba ọ̀nà ọmọdé. Ẹni tí ó gba ọ̀nà ọmọdé kò jinlẹ̀ nínú ìṣirò. Ní 2020, kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́ di yunifásítì, wọ́n sì fi Bámidélé Olúmilúà, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà kan rí, sọ ọ́. Oyè ti ga sí i. Ìbéèrè àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀.

Ìjọba kò tilẹ̀ tí ì pinnu èdè tí olùkọ́ yóò fi ṣe iṣẹ́ náà. Ní 2022 wọ́n fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà. Ní 2025 wọ́n fagi lé e.

Àríkọ́gbọ́n

Àwọn kan yóò sọ pé owó ni kò sí, pé Nàìjíríà kò lè fi olùkọ́ àkànṣe sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Ṣáínà. Ní 1999, Liping Ma tẹ ìwé kan jáde tí ó fi àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà wé ti Ṣáínà. Ó ní kí wọ́n fi ìdajì pín ẹyọ kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Gbogbo olùkọ́ Ṣáínà, àwọn 72, ni ó gbà á; nínú àwọn ará Amẹ́ríkà 23, mẹ́sàn-án péré ni ó ṣe é parí bí ó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó jáde yunifásítì. Ìwé ọdún mẹ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Ṣáínà kà kí wọ́n tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n sì fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn jinlẹ̀ nínú ìṣirò ọmọdé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ìgbìmọ̀ Peter Williams dámọ̀ràn ní 2008 pé kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán olùkọ́ kan tí ó mọ ìṣirò dunjú, tí àwọn yòókù lè máa bi léèrè.

Olùkọ́ kan ṣoṣo ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré kò ju agbára wa lọ. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ẹni tí ó mọ ìṣirò jù lè dúró lọ́dọ̀ ọmọ tí ó kéré jù, kí a má sì kà á sí ẹni tí kò rí ibi tí ó sàn lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Kí ni ó mú kí ẹni tí ó jinlẹ̀ nínú ìṣirò máa sá fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ọ̀nà wo ni a lè gbà dá a dúró?
2. Báwo ni olùkọ́ kíláàsì kejì ṣe lè fi àrùndínláàádọ́ta kọ́ ọmọ ní ìyọkúrò?
3. Ṣé ìwé ni ó kùnà ní 1977, tàbí ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́?