Ẹlẹ́sẹ̀ àti Oníkẹ̀kẹ́ Lójú Irin Òṣogbo

Ojú irin kò gba Ìlobùú kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò dé Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì nítòsí Òṣogbo. Láti Ìbàdàn, tí rélùwéè dé ní 1901, ó gba Ìwó àti Ẹdẹ wọ Òṣogbo ní 1907, ó sì kọrí sí Ìkìrun àti Ọ̀fà. Òṣogbo wá di ibi tí ará ìlú méjèèjì ń gbé ẹrù lọ. Iṣu àti ekùrọ́ ń bẹ lórí, ẹsẹ̀ ń bẹ nílẹ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ pọ̀, àpò ekùrọ́ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun ṣe ní òdìkejì irin kò ní ṣàì sọdá.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà títì géètì níbi ìsọdá fún ọkọ̀ ojú irin ti wá. Òfin ibẹ̀ ti pa á láṣẹ láti 1839. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ńlá ni géètì wà fún. Ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò tó gba orí irin kò ní géètì, kò ní ẹ̀ṣọ́. Etí ni ẹlẹ́sẹ̀ fi ń ṣọ́ ara rẹ̀, etí ọ̀hún sì tó o nígbà náà, torí ọkọ̀ eléèédú kì í yọ́ wọ̀lú: èéfín rẹ̀ á ti hàn lókè igi, fèrè rẹ̀ á ti dún, kí òun fúnra rẹ̀ tó yọjú. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni ọkọ̀ oní-dísù ti ń gbapò rẹ̀, èéfín tó ń ṣíwájú ròyìn ọkọ̀ kò sì sí mọ́.

Ti oníkẹ̀kẹ́ tún yàtọ̀, torí irin gan-an lè gbé e ṣubú láìsí ọkọ̀ nítòsí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kọ̀ọ̀kan níbi ìsọdá, àlàfo tóóró kan wà tí etí àgbá ọkọ̀ ń gbà; táyà kẹ̀kẹ́ wọ ibẹ̀ rẹ́gí. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá fi ẹ̀gbẹ́ gbà á, táyà iwájú á há, ẹrù ẹ̀yìn á tì í, òun àti ekùrọ́ á sì di ilẹ̀. Lọ́jọ́ òjò, irin a máa yọ̀ bí ilá. Kí táyà dábùú irin ló dára. Ẹni tó di ẹrù, kó sọ̀ kalẹ̀ kó tì í.

Láti bí ọdún 1980 lọ, iṣẹ́ rélùwéè jó rẹ̀yìn, ojú irin sì di ọ̀nà àbùjá. Ní Òṣòdì l'Ékòó, ó di ọjà nígbà kan: bí fèrè bá dún nígbà náà, àwọn ọlọ́jà a máa kó igbá kúrò, wọ́n a sì tún tò ó padà. L'Óṣogbo, nígbà ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (2010 sí 2018), ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ ń kó èrò ọdún wá láti Èkó, ó sì ń kún fọ́fọ́ lórí irin tí ọ̀pọ̀ ti sọ di ojúlé.

Ọ̀nà irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 2021, pẹ̀lú afárá fún ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ibi ìsọdá. Ìbàdàn ló parí sí. Òṣogbo ṣì wà lórí ọ̀nà tóóró ti 1907, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1067.