Ta Ni Yóò San Owó Ẹ̀rọ Hajiya?

Lásìkò ọyẹ́ ní Kánò, ènìyàn kì í fi aṣọ ìbora ṣeré. Búláńkẹ́ẹ̀tì tèmi nípọn débi pé ẹni méjì ló máa ń dì í mú kí wọ́n tó lè fún un. Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, mo yá ẹ̀rọ ìfọṣọ Hajiya tí a jọ ń gbé nínú ọgbà, mo sì ki búláńkẹ́ẹ̀tì náà bọ inú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí kíákíá láti fún omi dànù, ó ń lu ara rẹ̀ gbì-gbì, ó sì ń rìn kúrò ní ààyè rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. N kò pa á. Bearing rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ.

“Ba komai, Malam,” ni Hajiya wí, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń kọ́ òfin ní yunifásítì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ni yóò san owó àtúnṣe?

Ìbéèrè yẹn ti wà kí ẹ̀rọ tó dé. Nínú Muwatta, ìwé Malik ibn Anas tó kú ní Medina ní ọdún 795, orí kan wà lórí ẹni tó háyà ẹran tí à ń gùn dé ibì kan, tó wá gùn ún kọjá ibẹ̀. Malik ní kí ẹni tó ni ẹran yàn: yálà kí ó gba ẹran rẹ̀ pẹ̀lú owó ìrìn tó lé, tàbí kí ó gba iye owó ẹran náà. Risala tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ ní ọ̀rúndún kẹwàá, tí wọ́n ń kà nílé kéwú láti Timbuktu dé Sokoto, tún pín ohun àyálò sí méjì. Ohun tó ṣeé fi pamọ́, ẹni tó yá a ni yóò san án. Ohun tí kò ṣeé fi pamọ́, bí ẹran, kò ní san án, àfi tó bá kọjá ààlà. Ìpín yìí wù mí. Ta ló lè fi ẹ̀rọ ìfọṣọ pamọ́ sábẹ́ babanríga?

Ní ọdún 1703, ẹjọ́ Coggs àti Bernard wáyé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bernard bá ènìyàn gbé àgbá ọtí lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀kan fọ́. Nígbà tí Adájọ́ Holt dé orí ọ̀rọ̀ ohun àyálò, ẹṣin ló fi ṣàpẹẹrẹ: bí a bá yá ọ lẹ́ṣin pé kí o gùn ún lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tí o wá kọrí sí àríwá, ọrùn rẹ ni jàǹbá tó bá ṣe é wà. Ó lé ní 900 ọdún láàrin òun àti Malik, síbẹ̀ ibì kan náà ni ẹran gbé àwọn méjèèjì dé. Òfin Gẹ̀ẹ́sì yìí ni ìjọba amúnisìn kó wọ Gold Coast, àti Nàìjíríà lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ẹrù bá pá lórí yóò kúnlẹ̀. Kílò 7 tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ Hajiya, aṣọ gbígbẹ ni wọ́n ń wí. Búláńkẹ́ẹ̀tì mi kò tó kílò 5 ní gbígbẹ; tó bá mumi tán, ó di nǹkan mìíràn. Kì í tún tàn ká inú ẹ̀rọ bí aṣọ wẹẹrẹ, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń ṣù sí. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ mọ èyí tipẹ́. Bendix tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1937, ńṣe ni wọ́n ń dè é mọ́ ilẹ̀ nítorí ìgbọ̀n-rìrì. Síbẹ̀, inú ìwé pẹlẹbẹ tí ẹnikẹ́ni kì í kà ni ìkìlọ̀ wà, kì í sì í ṣe ní èdè Hausa.

Òfin Faransé ti 1804, ọdún tí jíhàádì Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀, ní ẹni tó mọ àbùkù ohun tó yáni tí kò sì kìlọ̀ ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Hajiya kò mọ nǹkan kan. Hijab ló ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ fọ̀. Ẹni tó tà á fún un ló mọ̀, òun ni ǹ bá kọ́kọ́ pè tó bá jẹ́ èmi ni adájọ́.

Àmọ́ mo gbọ́ ariwo yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti kọrí sí àríwá. Mo san owó bearing. Ti sípíríǹgì, tí atúnṣe ní ó ti rẹ̀ kí n tó débẹ̀, n kò san án, èmi àti ọmọ Hajiya sì ń fa ọ̀rọ̀ náà títí di òní.