Àgbà Ṣubú, Ó Wẹ̀yìn Wò

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé òun dìde, àgbà ń wá ohun tó gbé òun ṣubú. Ojú àgbà yìí ni Walter Benjamin, onímọ̀ ọgbọ́n-orí tó jẹ́ Júù ará Jámánì, fi wo ìtàn aráyé nínú àròkọ tó kọ kẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1940. Láti 1933 ló ti sá fún Hitler lọ sí Paris. Nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 1939, Stalin, olórí ìjọba Soviet tí ọ̀pọ̀ alátakò Hitler gbójú lé, bá Hitler kan náà ṣe àdéhùn. Ìṣubú ńlá nìyẹn, Benjamin sì ń wá ohun tó fà á.

Ohun tó rí ni pé ìgbàgbọ́ pé ayé á máa dára sí i fúnra rẹ̀ ló mú kí àwọn èèyàn túra sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Social Democrat ti Jámánì gbà pé ìtàn ń ṣàn lọ síbi tí àwọn ń lọ. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí Hitler gorí àlééfà tí wọ́n fi fòfin de ẹgbẹ́ náà. Benjamin sì ní àwòrán áńgẹ́lì kan tí Paul Klee yà, tó ti rà láti 1921: ojú rẹ̀ ranjú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ nà. Ó ní bí áńgẹ́lì ìtàn ṣe rí nìyẹn, ó kọjú sí àná, àwókù ló sì ń rí tó ń ga sí i, níbi tí àwa ti ń ka ìṣẹ̀lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjì tó ń gbé e sẹ́yìn lọ sí ọ̀la ni à ń pè ní ìlọsíwájú.

Ẹnìkan lè ní, ṣé oògùn tó ń wo àìsàn kì í ṣe ìlọsíwájú ni? Ìlọsíwájú ni. Benjamin kò jiyàn pé ìmọ̀ ń pọ̀ sí i. Ohun tó kọ̀ ni pé kí a rò pé bí ìmọ̀ bá ti pọ̀, ìwà ọmọ ènìyàn náà ti dára nìyẹn. Àtakò kejì le ju èyí lọ: ẹni tó ń wẹ̀yìn wò ṣáá, ìgbà wo ni yóò rìn? Èsì Benjamin ni pé ìrántí àwọn baba tí wọ́n mú lẹ́rú ló ń mú kí ẹni tí ìyà ń jẹ dìde jà, ju àlá ìgbádùn àwọn ọmọ-ọmọ lọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ tí a kò tíì bí kò lójú tí a lè rántí. Baba tí wọ́n fìyà pa ní orúkọ, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn àwọn tó kù.

Síbẹ̀, Benjamin kò da ọ̀la nù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, bó ti ń sá fún Hitler kúrò ní ilẹ̀ Faransé, tí àwọn aláṣẹ Spéènì sì ní àwọn yóò dá a padà síbẹ̀ láti Portbou ní ibodè, ó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fi àròkọ náà lé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Hannah Arendt, lọ́wọ́. Òun ló gbé e dé New York, àwọn ọ̀rẹ́ Benjamin sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1942.