Kí Ẹ Tó Gbéra Lọ Sétíkun: Ìtàn Ọ̀nà Omi láti Sẹ̀mẹ̀

 

Lọ́dọọdún, bí oṣù karùn-ún bá ti ń lọ sópin, ìbéèrè kan náà ni à ń gbà. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù á ní òtútù ti lọ lọ́dọ̀ àwọn, igi ti rúwé, ilé ìwé ọmọ sì fẹ́ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó wà ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ á ní ọlidé Ìgòkè-re-Ọ̀run àti ti Pẹ́ńtíkọ́sì ń bọ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ kó ọmọ wá sétíkun, kí wọ́n rí òkun ní Sẹ̀mẹ̀, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo àwọn erékùṣù, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ kọjá sí Àgbádárìgì. Wọ́n á wá béèrè pé, òtẹ́ẹ̀lì wo ló dáa? Èló ni wọ́n ń wọkọ̀?

A ó sọ èyí tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn la fẹ́ kọ́kọ́ pa, torí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ rìn yìí kì í ṣe ọ̀nà tó kàn wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gé e rí, wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti tì í, wọ́n sì tún ti ṣí i. Ẹni tí kò mọ ìyẹn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tán, kó wá dúró sẹ́nu bọ́dà máa wòran.

Ọ̀SÀ NI TÍTÌ ÀTIJỌ́

Ẹ wo bí Sèmè-Kpodji ṣe rí, ìyẹn Sẹ̀mẹ̀ tiwa. Òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà wà ní àríwá, ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló là wọ́n láàárín. Òkun ibẹ̀ kì í ṣe òkun jẹ́jẹ́. Ìgbì rẹ̀ ń fọ́ mọ́ iyanrìn tagbára-tagbára, kò sì sí ibi tí ọkọ̀ ńlá lè sá sí. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òyìnbó á dúró lókèèrè lójú agbami, àwọn atukọ̀ tó mọwọ́ ìgbì ni yóò fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù àti èèyàn lọ, kó wọn bọ̀. Ọ̀sà ní tirẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Èèyàn lè wọkọ̀ ní Àjàṣẹ́, kó máa tọ ọ̀sà lọ síhà ìlà oòrùn, kó kọjá Àgbádárìgì, kó sì dé Èkó láìfojú kan agbami. Kí wọ́n tó la títì ọlọ́dà, ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń rìn nìyẹn.

Etíkun Sẹ̀mẹ̀ ni ìjọba Hogbonu ti ń bá àwọn oníṣòwò orí òkun pàdé. Hogbonu yìí náà ni Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn Potogí fún un ní orúkọ Porto-Novo, tó túmọ̀ sí Èbúté Tuntun. Ìlú Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì sí létí òkun, òdìkejì ọ̀sà ló wà. Orúkọ èbúté ló gòkè lọ bá ìlú, tó sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní.

Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀? Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fáwọn ọmọ. Èèyàn ni. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, níparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Àjàṣẹ́ ni Òyọ́ ń gbà já sókun. Wọ́n á kó ẹrú gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí, wá sétí omi. Owó ẹyọ, aṣọ, ìbọn àti tábà Bàhíà ló sì ń gòkè lọ ní tiwọn. Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n tà, Yorùbá sì wà lára àwọn tó tà wọ́n.

Àwọn kan padà wá. Nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà ti ilẹ̀ Brasil dé, wọ́n kó iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà dání. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún wà níbẹ̀ di báyìí, ojú rẹ̀ sì jọ ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fáwọn òbí pé kí wọ́n má fi etíkun nìkan han ọmọ. Etíkun ni ìlọ, mọ́ṣáláṣí yẹn ni àbọ̀.

ÌLÀ TÍ WỌ́N FÀ LÉ OMI

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tó sì wàásù lábẹ́ igi Agia. Nígbà tó fi máa di 1845, àwọn oníwàásù CMS ti parí ilé alájà tí àwọn èèyàn mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀yìn ìwàásù ni ìjọba dé. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ó gba Àgbádárìgì ní 1863. Ní 1863 yẹn kan náà ni Faransé na ọwọ́ ààbò lé Àjàṣẹ́, ó ká a kò, ó tún padà wá ní 1883. Ọba Tòfà ló wà lórí oyè nígbà náà, ọdún 1874 ló jọba, 1908 ló wàjà. Ààfin rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Honmé ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ mú ọmọ débẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Páríìsì, wọ́n fa ìlà láti etíkun lọ sí àríwá, níbi tí odò Ajara wà. Ìlà yẹn ni bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Ó gé ọ̀sà sí méjì. Ó fi Ègùn Àjàṣẹ́ sábẹ́ Faransé, ó fi Ègùn Àgbádárìgì sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lókè lọ́hùn-ún, ó fi Kétu sí ìhà kan, ó fi Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu sí ìhà kejì. Èdè kò yí padà, àna kò kọ àna, ṣùgbọ́n ẹrù tó jẹ́ ẹrù ọjà lánàá di ẹrù fàyàwọ́ lónìí.

ÒPIN OṢÙ KARÙN-ÚN

Ẹ fi etí sí ibi tí ìtàn yìí ti pàdé ọlidé yín.

Lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ti gbòmìnira ní 1960, ìlà òyìnbó ṣì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀, èyí tí àwọn ará Benin ń pè ní CEDEAO. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo tó 90 ọjọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982, ní Kútọnu níbí, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn káàdì búráùn, kí ìṣúráǹsì mọ́tò lè ṣiṣẹ́ lódìkejì bọ́dà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òpin oṣù karùn-ún kan náà. Ẹni tó bá kó ọmọ rẹ̀ kọjá ní Sẹ̀mẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń lo ẹ̀tọ́ kan ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

ÌGBÀ TÍ ILẸ̀KÙN TÌ

Ṣùgbọ́n ìwé ni ìwé, ilẹ̀kùn ni ilẹ̀kùn. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ. Ogunlọ́gọ̀ wọn, ará Gánà ló pọ̀ jù, gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Gánà sì ti ti bọ́dà tirẹ̀ láti 1982, wọ́n há sí ilẹ̀ Benin àti Togo títí ó fi ṣí i níparí oṣù náà. Láti ọdún yẹn ni à ń pe báàgì aláwọ̀ mẹ́ta yẹn ní Ghana Must Go. Ní 1984, Nàìjíríà ti bọ́dà pa, ó di 1986 kó tó ṣí i. Ní 2003, ó tún tì í fún ìgbà díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ajímọ́tò.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon wá sí Sẹ̀mẹ̀-Kraké láti ṣí ilé iṣẹ́ bọ́dà àjùmọ̀lò. Inú wa dùn. Ọdún kan kò pé, nínú oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà tún tì í.

Àwa náà ti ṣètò ìrìn àjò tiwa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ ti dé láti òkè òkun, a ti háyà mọ́tò, Àgbádárìgì là ń lọ, kí wọ́n lè rí Gbẹrẹfú. Ìyá wa àgbà bá wa lọ. Kì í ṣe torí erékùṣù ni màmá ṣe wá, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ rí lọ́hùn-ún. Ó ti di àkàsà àti ẹja díndín sínú agbọ̀n. A dé bọ́dà, mọ́tò kò lè kọjá. Àwa tí ẹsẹ̀ wa dá ṣáṣá lè máa bẹ̀bẹ̀ pé ká fẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n orúnkún màmá kò gbà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì alátẹ kan fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Tí wọ́n bá ṣí i, a ó padà wá."

Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Àbúrò màmá ti kú nínú ọdún yẹn.

Ohun tó fà á tí a fi ń kọ èyí nìyẹn. Ìbẹ̀wò tí ẹ lè ṣe lọ́dún yìí, ẹ má sún un sí ọdún tó ń bọ̀.

Ó DÁA, BÁWO LẸ ṢE MÁA ṢÈTÒ RẸ̀?

Àkọ́kọ́ ni òjò. Ìgbà ìrúwé tiyín, ìgbà òjò tiwa ni. Láti oṣù kẹrin ni òjò ti ń bọ̀, oṣù kẹfà ló sábà máa ń le jù. Òjò lè rọ̀ ní àárọ̀ kí oòrùn sì ràn ní ọ̀sán, nítorí náà ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì pamọ́ láìdá nǹkan kan sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ òjò rárá, kó sún un sí oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní.

Èkejì ni òkun. Ẹ jókòó sí iyanrìn, ẹ jẹ ẹja, ẹ wo àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ inú ìgbì. Omi ibẹ̀ ń fa èèyàn padà sínú agbami, ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa pàápàá, ó ti gbé irú wọn lọ rí. Òkun yìí ń jẹ ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté Kútọnu ní 1965, òkúta èbúté ń dá iyanrìn tó yẹ kó ṣàn wá síhà ọ̀dọ̀ wa dúró. Ilé ti wó sómi ní ìlà oòrùn Kútọnu.

Ẹ̀kẹta ni ìwé. Ẹ̀tọ́ 90 ọjọ́ wà fún ọmọ ECOWAS tó ní ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ páspọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì nìkan lọ mọ yín ní, ẹ̀tọ́ yẹn kò kàn án, ẹ wádìí ọ̀rọ̀ físà orílẹ̀-èdè méjèèjì kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti ìwé ìbí ọmọ dání. Tí bàbá tàbí ìyá kan bá dá kó ọmọ rìn, kó gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí mọ́tò yín ló ń kọjá, ẹ má gbàgbé káàdì búráùn. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ará ilé bí bọ́dà ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.

Ní ti ọ̀nà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, kẹ́ ẹ wo ààfin Tòfà àti mọ́ṣáláṣí Àgùdà. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè wọkọ̀ lọ sí àwọn abúlé orí omi ní Aguégués. Ẹni tó bá fẹ́ Ganvié á gba Calavi. Ibẹ̀ ni àwọn Tofinu kọ́lé sórí ọ̀sà láti sá fún àwọn akónilẹ́rú. Ẹ fi ọjọ́ kan gbafẹ́ ní Sẹ̀mẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọjá sí Àgbádárìgì. Ẹ wọkọ̀ lọ sí Gbẹrẹfú ní àárọ̀, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó dé, kí tọmọdé-tàgbà sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn la erékùṣù náà kọjá dé etí òkun, ojú ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà.

Tẹ́ ẹ bá dé òpin rẹ̀, ẹ sọ fáwọn ọmọ pé àwọn kan rin ibí láìní àǹfààní àtipadà, àwọn kan dúró ní bọ́dà láìní àǹfààní àtikọjá. Ẹ̀yin lọ, ẹ sì máa bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan ńlá ni.

Tẹ́ ẹ bá sì ní àbúrò ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá lódìkejì, ilé wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà. Òtẹ́ẹ̀lì á dúró dè yín. Àjò kì í dùn kónílé má relé. A ó máa retí yín o.