Ọ̀pá Gígùn Tó Wà Níwájú Jíìpù, Àti Ohun Tí Enugu Fi Mọ̀ Ọ́n

(Fóísì nóòtì ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé e. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kù.)

 

Àbúrò wa kan béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ra Land Cruiser kan ní gbàǹjo, ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ aláàánú kan ti lò. Irin kan wà lára bọ́ńpà iwájú, ọ̀pá gígùn kan sì dúró lórí ẹ̀. Rẹwáyà tó bá a wò ó ní Coal Camp ní kó fi sílẹ̀, pé ó ń buyì kún ọkọ̀. Àbúrò wa wá ní ṣé kóun fi sílẹ̀ ni àbí kóun tú u. Mo ní kó fún mi láyè, torí ìtàn wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀pá fúnra ẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí a fi ń gbọ́ bọ́ọ̀lù nínú mọ́tò o. Áńtẹ́nà rédíò ọ̀nà jíjìn ni, èyí tí wọ́n ń pè ní HF. Ó ń gbọ́, ó sì ń sọ. Ohùn ẹ̀ kò nílò máàsì kankan. Ojú ọ̀run ló ń gbà lọ. Tó bá dé ibi tó ju 100 kìlómítà lọ lókè, yóò kan afẹ́fẹ́ kan tí oòrùn ti yí ipò ẹ̀ padà, ìyẹn á dá a padà sílẹ̀ ní ibi tó jìnnà gan-an sí ibi tó ti gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà ní Enugu ṣe lè bá ẹni tó wà ní Maiduguri sọ̀rọ̀, láìsí MTN, láìsí Glo.

Lára àwọn tó mú irú rédíò yìí wọ ìgbé ayé aráàlú ni àwọn ará Australia. Ní 1928 ni dókítà oníbàálù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1929, Alfred Traeger ṣe rédíò tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́, kí àwọn tó ń gbé inú aginjù lè rí dókítà yẹn pè. Orílẹ̀-èdè yẹn náà ni Codan àti Barrett ti wá, orúkọ méjì tẹ́ ẹ máa ń rí lára rédíò inú jíìpù aláàánú.

Ibo wá ni ìṣòro wà nínú gbígbé e sórí mọ́tò? Gígùn ọ̀pá ni. Ìgbì rédíò tó bá ń lọ ní 5 megahertz gùn tó mítà 60. Ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ ni ọ̀pá tí ì bá dára, ìyẹn mítà 15. Ta ló fẹ́ gbé ọ̀pá mítà 15 gba abẹ́ wáyà NEPA kọjá? Nítorí náà, ọ̀pá bíi mítà 3 ni wọ́n ń lò, wọ́n á wá wé wáyà bàbà sí ìdí ẹ̀ kó dípò gígùn tó kù.

Ara mọ́tò ni ìdajì kejì áńtẹ́nà yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Ẹni tó bá de irin yẹn lé orí ọ̀dà, iṣẹ́ ẹ̀ kò dé ibì kankan. Wọ́n gbọ́dọ̀ ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi dán, kí wọ́n wá fi bàbà pẹlẹbẹ tó kúrú so ó mọ́ ṣaásí. Wọ́n á tún fi irú ẹ̀ so bọ́nẹ́ẹ̀tì àti sálẹ́ńsà, kí ariwo ẹ́ńjìnì má bàa bo ohùn mọ́lẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń lo bọ́ńpà onírin nìyẹn: ó lágbára, ó sún mọ́ ṣaásí, orí ọ̀pá kò sì ní ga jù. Bẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n fi okùn fa orí ẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, nígbà míì wọ́n fẹ́ kí ohùn lọ tààrà sókè kó lè bọ́ sítòsí.

Ẹ wá gbọ́ ti Enugu. Coal Camp tí a ti ń jẹun yìí, àwọn òṣìṣẹ́ èédú ló ni orúkọ ẹ̀. 1909 ni wọ́n rí èédú lágbègbè Udi, 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ní October 1, 1960, tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Enugu níbí, wọ́n sì ní rédíò pẹ̀lú. Nígbà tí Ojukwu kéde Biafra ní May 30, 1967, rédíò yẹn di ohùn Biafra.

Ní October 4, 1967, sójà ìjọba àpapọ̀ gba Enugu. Ọ̀pọ̀ rò pé rédíò yẹn ti dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó kó ẹrù, ó ṣí kúrò. Ní Umuahia, inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ẹ lè lọ wo ibẹ̀ lónìí, nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí wọ́n ṣí ní 1985. Ohùn Okokon Ndem ń jáde, ará Èkó àti Ìbàdàn ń fi etí gbọ́ ọ. Umuahia bọ́ ní April 1969, rédíò tún ṣí. Orí ẹ̀ náà ni Philip Effiong ti sọ̀rọ̀ ní January 12, 1970, pé kí ogun dáwọ́ dúró.

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n gba ìlú, wọn ò rí ohùn gbà, torí ohùn yẹn lè rìn. Látìgbà yẹn, rédíò tó lè rìn kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ lójú sójà tó ń ṣọ́ ọ̀nà nílẹ̀ yìí. Orúkọ Radio Biafra sì tún ti jáde láyé ìsinsìnyí.

Àwọn kan á ní GSM ti pa á. Òótọ́ ni pé August 2001 ni GSM dé, kó tó dìgbà yẹn, ìwé la ń fún dẹ́rẹ́bà kó bá wa mú lọ sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ní May 2013, ìjọba pa nẹ́tíwọọ̀kì ní Borno, Yobe àti Adamawa nítorí Boko Haram. Ẹni tó ní HF ṣì ń sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí jíìpù aláàánú fi ń gbé ọ̀pá yẹn kiri.

Ìdáhùn mi rèé, àbúrò mi. Tú u. NCC ló ń fúnni láṣẹ láti lo rédíò yẹn. Orúkọ iléeṣẹ́ tó tà á ló wà lórí àṣẹ náà, kò bá mọ́tò wá sọ́dọ̀ ẹ. Tú ọ̀pá, tú rédíò tó bá ṣì wà níbẹ̀, kó o sì fi ọ̀dà kun ibi tí wọ́n ha kí ìpẹtà má jẹ ẹ́. Tí iṣẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀ lóòótọ́, lọ bá NCC kó o gba tìẹ. Rẹwáyà tó ní ó ń buyì kún ọkọ̀, òun kọ́ ló máa dúró lójú ọ̀nà Nsukka ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ lójú.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ogójì ọdún la lè fi gbé ìlú, tí a ò mọ ohun tí ojú àwọn onílé ti rí. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọ́n á sọ fún yín.

Ó dàárọ̀ o.